Wákàtí mẹ́jọ péré lórí ilẹ̀: ibo ni ká gbé Mọ́mì lọ ní àwọn erékùṣù Káríbíánì?

Abẹ́ní_Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mọ́mì wa máa pé 72 ọdún nínú oṣù kejì, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sì fẹ́ gbé wọn wọ ọkọ̀ kúrúùsì. A máa fò láti Manchester lọ sí Barbados, ibẹ̀ la ti máa wọkọ̀. Alẹ́ méje ni: St Lucia, Antigua, St Kitts, ọjọ́ kan gbáko lójú omi, Grenada, ká tó padà sí Bridgetown, níbi tá a ti máa lo ọjọ́ kan sí i.

Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, bíi wákàtí mẹ́jọ la ní lórí ilẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti fi ìwé ránṣẹ́ nípa àwọn ibi tí wọ́n lè mú wa lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Bí àwa mẹ́ta bá ní ká san án ní gbogbo ìlú, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Orúnkún Mọ́mì náà tún wà ńbẹ̀. Wọ́n lè rìn díẹ̀, àmọ́ àtẹ̀gùn púpọ̀ ò ṣeé ṣe.

Wọ́n sì ti sọ tiwọn fún wa: "Ẹ má gbé mi lọ jókòó sétí òkun o. Mo ti rí òkun l'Ékòó. Ẹ jẹ́ kí n rí báwọn èèyàn ṣe ń gbé." Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n tà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá wọnú ọjà, wọ́n ń gbàgbé pé orúnkún ń dùn wọ́n.

Ṣé ká san ti ọlọ́kọ̀ ni, àbí ká gba takisí fúnra wa? Kí lẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí tẹ́ ò lè gbàgbé?

Bùrọ̀dá_Táyé

Abẹ́ní, ẹ kú ìtọ́jú òbí. Mọ́mì á jẹun ọmọ pẹ́ o.

Ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí náà mi ò ní fi bò fún yín: ẹ san ti ọlọ́kọ̀. Ní 2018, èmi àtìyàwó mi dá gba mọ́tò ní erékùṣù kan, a ní ká lọ wo omi tó ń ya láti orí àpáta. Òjò dé, igi wó dí ọ̀nà. Títì kan ṣoṣo ló sì lọ síbẹ̀. Nígbà tá a fi máa dé èbúté, ọkọ̀ ti ṣí. A dúró síbẹ̀ à ń wò ó bó ṣe ń kéré lọ lójú omi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó mi sì wà nínú yàrá wa nínú rẹ̀. Aṣojú wọn tó wà lórí ilẹ̀ kó páásípọ́ọ̀tù wa lé wa lọ́wọ́, torí wọ́n ti yọ ọ́ nínú àpótí inú yàrá wa kí wọ́n tó lọ. Ọjọ́ méjì la lò ká tó bá ọkọ̀ náà, àpò ara wa la sì ti san owó bàálù àti ilé ìtura.

Bẹ́ ẹ bá bá ti ọlọ́kọ̀ lọ tí mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n á dúró dè yín. Ẹni tó bá dá lọ, kò sẹ́ni tó máa dúró dè é. Bẹ́ ẹ bá sì máa dá lọ náà, oògùn Mọ́mì ò gbọ́dọ̀ kúrò nínú báàgì ọrùn yín.

Atọ́kọ̀

Ilé ìdáná ọkọ̀ kúrúùsì ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, àwọn erékùṣù yìí gan-an là ń ná. Ohun tí Bùrọ̀dá Táyé sọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mo ti wo irú wọn láti ojú fèrèsé, tí wọ́n ń sáré bọ̀ lórí èbúté pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Síbẹ̀, kò yẹ kẹ́ ẹ torí ìyẹn san owó rẹpẹtẹ ní gbogbo ìlú.

Bí àwa òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyí: ibi tó bá jìn, tó sì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, ẹ bá ti ọlọ́kọ̀ lọ. Ibi tí takisí lè ti gbé yín padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dá lọ. Láàárín méjèèjì, ibi tó jìn jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ wá máa ti ibẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ku wákàtí méjì kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ ti wà nítòsí èbúté, kódà bó jẹ́ pé ẹ kàn jókòó ń mu omi àgbọn ni.

Aago tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà sọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ìgbà tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé ló ń sọ, ó sábà máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ìgbà tí ọkọ̀ máa ṣí. Àwọn tó ń wọkọ̀ láti Florida ni aago máa ń dà láàmú, torí wọ́n ń yí aago padà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àwọn erékùṣù yìí kì í sì í yí tiwọn. Tiyín rọrùn: ibi márààrún ń lo aago kan náà, wákàtí márùn-ún ni ti Nàìjíríà fi ṣáájú wọn.

Oṣù kejì tẹ́ ẹ mú dáa púpọ̀. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni ìjì ńlá ń jà lágbègbè yẹn. Èyí tí wọ́n pè ní Beryl, tó jà ní ọjọ́ 1 oṣù keje 2024, fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá òrùlé kankan sí ní Carriacou, erékùṣù kékeré tó wà lábẹ́ Grenada.

Ti orúnkún Mọ́mì: gbogbo ibi tẹ́ ẹ dárúkọ ló ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè fara tì, torí náà ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn sọ̀kalẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kékeré kó èrò lọ sí èbúté ló máa ń nira fún àgbàlagbà, torí èèyàn gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ láti orí ohun tó ń mì sórí òmíràn tó ń mì. Ẹ sì má ra èso, ẹran tútù tàbí òdòdó padà wọkọ̀ o, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá_Dámi

Ọkọ mi ọmọ Barbados ni, ilé ìyá rẹ̀ la sì ti ń lo ìsinmi wa láti 2009. Ẹ fi ti Barbados sílẹ̀ fún mi.

Kẹ́ ẹ tó di ẹrù, ẹ yẹ ẹrù àbúrò yín wò. Aṣọ tó bá ní àwọ̀ ti sójà, ì báà jẹ́ fìlà, ì báà jẹ́ ṣòkòtò péńpé, òfin ò gbà kí aráàlú wọ̀ ọ́ ní Barbados. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní St Lucia, Antigua àti Grenada. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dámi nígbà tí ọlọ́pàá dá wa dúró nítorí ṣòkòtò rẹ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ bá wa sọ̀rọ̀, àmọ́ ìbòrùn mi ni ọmọ náà ró dé ilé.

Ìkejì, igi kan wà létíkun tí wọ́n ń pè ní manchineel. Èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré, òórùn rẹ̀ dùn, májèlé pátápátá sì ni. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má sá sábẹ́ rẹ̀. Omi tó bá kán láti ara ewé rẹ̀ lè mú kí ara lé ròrò, bí ìgbà tómi gbígbóná dà síni lára. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà pupa yí ìdí rẹ̀ ká, kí àlejò lè mọ̀.

Owó wọn ò le: dọ́là Barbados méjì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan, gbogbo ọjà ló sì ń gba méjèèjì. Ní St Lucia, Antigua, St Kitts àti Grenada, dọ́là ìlà oòrùn Káríbíánì ni wọ́n jọ ń ná, 2.70 ni wọ́n dè é mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan láti 1976. Takisí Barbados kì í ní míta, torí náà ẹ dá owó kẹ́ ẹ tó jókòó, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá owó mọ́tò ló ń dá tàbí owó orí kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà takisí tòótọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z.

Ibi tí mo máa gbé Mọ́mì lọ ni Harrison's Cave. Ihò àpáta ńlá ni, mọ́tò tó dà bíi ti rélùwéè ló ń gbé èèyàn wọ inú rẹ̀, ẹ máa jókòó títí ni. Omi ń kán tó-tó-tó láti òkè, òkúta funfun wà níbi gbogbo bí àbẹ́là tó ti yọ́. Lójú ọ̀nà, ẹ ní kí awakọ̀ gbà yín kọjá níbi ère tí aráàlú ń pè ní Bussa. Ọkùnrin kan ló gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, ẹ̀wọ̀n tó ti já ń fì lọ́wọ́ rẹ̀. Bussa ló ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní 1816. 1985 ni wọ́n gbé ère náà dúró, ìyá ọkọ mi sì kì í gba ibẹ̀ kọjá láì sọ nǹkan sí i lábẹ́nú.

Kí Mọ́mì jẹ cou-cou o! Ọkà àgbàdo tí wọ́n fi ilá rò ni. Ẹja tó ń fò lójú omi ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

OmọÌjẹ̀ṣà_NJ

Àǹtí Abẹ́ní, bí mo ṣe ka "ọmọ Iléṣà" báyìí lorí mi wú. Ṣé Mọ́mì mọ̀ pé àwọn èèyàn wọn ti dé Grenada ṣáájú wọn?

Ní 1849, ọkọ̀ kó àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan dé Grenada. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí oko ẹrú nígbà yẹn. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn lọ tà ni, wọ́n wá kó wọn lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ oko lábẹ́ àdéhùn. Ìjẹ̀ṣà pọ̀ gan-an nínú wọn, torí àsìkò tí ogun ń tú ilẹ̀ Yorùbá ká nìyẹn. Abúlé kan tó ń jẹ́ Munich, ní àgbègbè St Andrew, wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀ dó sí. Ṣàngó ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀sìn òrìṣà wọn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògún, Ọ̀ṣun àti Yemọja wà nínú ẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un: ẹ má ní kí awakọ̀ gbé yín lọ wo ojúbọ bí ẹní lọ wo ìran. Ilé onílé ni. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá rí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jókòó tì í. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní lọ sétíkun kankan ní Grenada, òkè ni màá gbà.

Fọlákẹ́_Àbújá

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ní St Lucia, ibi tó gbajúmọ̀ jù ni Soufrière, níbi tí omi gbígbóná ti ń hó láti inú òkè ayọnáyèéfín. Ó lé ní wákàtí kan láti Castries, ibi tí ọkọ̀ yín máa gúnlẹ̀ sí, ọ̀nà náà sì lọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Ẹ bá ti ọlọ́kọ̀ lọ, pàápàá bí wọ́n bá ní èyí tó ń gba ojú omi. Àwọn èèyàn ń wọ inú ẹrẹ̀ gbígbóná níbẹ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ yẹn ń yọ̀, ẹ má jẹ́ kí Mọ́mì wọ̀ ọ́.

Ní St Kitts, rélùwéè! Láàárín 1912 sí 1926 ni wọ́n là á, ìrèké ni wọ́n fi ń kó lọ sílé iṣẹ́ ṣúgà. Ṣúgà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2005, èrò ni wọ́n ń fi kó báyìí. Ọkọ̀ rẹ̀ ní òkè àti ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ wà fẹ́ni tí ò bá lè gun àtẹ̀gùn.

Abẹ́ní_Leeds

Ẹ ṣé púpọ̀. Ṣòkòtò sójà méjì ni mo bá nínú ẹrù àbúrò mi! OmọÌjẹ̀ṣà, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún Mọ́mì lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní kí n tún un kà. A ti pinnu: ti ọlọ́kọ̀ ní St Lucia àti St Kitts, a máa dá lọ ní Grenada àti Barbados. Màá wá jábọ̀.

Bùrọ̀dá_Táyé

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ti Atọ́kọ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà má gbàgbé oògùn.

Abẹ́ní_Leeds

Ẹ̀yin ará, a ti dé o, àlàáfíà la bọ̀. Mo jẹ yín ní àbọ̀.

Ní St Lucia, ọkọ̀ ojú omi kékeré gbé wa láti Castries lọ sí Soufrière. Òkè méjì, Gros Piton àti Petit Piton, ta gọnbu láti inú òkun bí ìwo ẹran ńlá. Níbi òkè ayọnáyèéfín náà, omi dúdú ń hó, èéfín ń rú, òórùn ẹyin tó ti bà jẹ́ gba gbogbo afẹ́fẹ́. Mọ́mì fi ìbòrùn bo imú, síbẹ̀ wọn ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tá a padà sí ọjà Castries, obìnrin kan ń din nǹkan nínú epo, ó ní accra ló ń jẹ́. Mọ́mì bù ú jẹ, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n ní: "Àkàrà ni, ẹ̀wà rẹ̀ ni wọn ò rí. Ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò." Wọ́n jẹ mẹ́rin.

Antigua ò fi bẹ́ẹ̀ rí bá a ṣe rò ó, ó ti rẹ Mọ́mì. Èmi nìkan ni mo lọ wo Nelson's Dockyard, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ogun ṣe láyé àtijọ́. Àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ló kọ́ ọ. Mo fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, mo sì padà. Rélùwéè St Kitts dùn, àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí wa láti ẹ̀yìn ilé wọn. Oko ìrèké àtijọ́ ti di igbó.

Grenada ni mo fẹ́ sọ.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la sọ̀kalẹ̀. A bá awakọ̀ kan dúnàádúrà, ọkùnrin tó máa ń tó ẹni 60 ọdún, 120 dọ́là Amẹ́ríkà fún mọ́tò, kì í ṣe orí kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ gbé wa gun òkè lọ sí Grand Etang, adágún omi tó wà nínú ẹnu òkè ayọnáyèéfín tó ti kú. Ìkùukùu bò ó, òtútù mú wa. Ó ní àwọn ọ̀bọ inú igbó náà, láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ọkọ̀ ẹrú ti kó ìran wọn wá. Mọ́mì ní: "Àwọn náà!"

Ó bi wá níbi tá a ti wá. Nígbà tó gbọ́ Nàìjíríà, ó ní àgbègbè St Andrew ni ìyá ìyá òun ti wá, àti pé ìyá náà máa ń se saraca lọ́dọọdún. Mọ́mì ní kí n bi í kí nìyẹn. Ó ní wọ́n á se oúnjẹ púpọ̀, wọ́n á pe àwọn ọmọdé àdúgbò wá jẹ, wọ́n á sì fi dúpẹ́, wọ́n á fi rántí àwọn tó ti lọ. Mọ́mì di apá mi mú gírígírí. "Sàráà ni! Sàráà ni ọmọ yìí ń wí!" Awakọ̀ wa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ó ń pè é tẹ̀ lé wọn, sàráà, sàráà, bí ọmọ ilé ìwé. Èmi tí mò ń ṣe ògbufọ̀, mi ò rí nǹkan kan túmọ̀ mọ́.

Ó gbé wa lọ jẹun nílé àbúrò rẹ̀ obìnrin. Oil down ni wọ́n sè: gbẹ̀rẹ̀fúùtù, ewé kókò, ẹran oníyọ̀, omi àgbọn àti ata ilẹ̀ pupa, wọ́n tò ó sínú ìkòkò ní ipele-ipele, ó sì hó títí omi àgbọn fi gbẹ tó ku epo rẹ̀. Gbẹ̀rẹ̀fúùtù yẹn náà, àjèjì ni níbẹ̀. 1793 ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó o dé àwọn erékùṣù yẹn láti Tahiti, kí wọ́n lè rí oúnjẹ tí ò wọ́n fún ẹrú. Mọ́mì ní àwọn máa ń fi gún iyán nílé. Obìnrin náà ò gbà gbọ́ pé ó ṣeé gún. Wọ́n jọ ṣàríyànjiyàn náà títí, èmi ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀.

Ọjà St George's la parí sí, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí èbúté. Obìnrin kan bó èso nutmeg fún Mọ́mì: ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, inú rẹ̀ ní kóró dúdú tó ń dán, ohun pupa kan sì wé mọ́ kóró náà bí àwọ̀n tí wọ́n hun lọ́wọ́. Ó ní ìjì Ivan ní 2004 wó èyí tó pọ̀ jù nínú igi nutmeg wọn, ọdún púpọ̀ ni igi náà sì ń lò kó tó so. Ó kọ́ Mọ́mì bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó gbẹ: èèyàn á mì ín létí, ọmọ inú rẹ̀ á máa ró gẹrẹgẹrẹ. Mọ́mì mì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá mẹ́ta padà.

OmọÌjẹ̀ṣà_NJ

Omi bọ́ lójú mi níbi iṣẹ́. Kí n sọ òótọ́ kan ṣá: ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni sàráà ní ìpìlẹ̀, Hausa ń pè é ní sadaka, ẹ̀yà púpọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló sì ń lò ó, torí náà kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà nìkan ló lè gbé e débẹ̀. Ìyẹn ò dín nǹkan kan kù lára ohun tí Mọ́mì gbọ́. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní ọmọ wọn láti Òkè Ẹ̀ṣọ̀ ní Iléṣà, tó wà ní New Jersey, ń kí wọn.

Ìyá_Dámi

Cou-cou ńkọ́?

Abẹ́ní_Leeds

Wọ́n jẹ ẹ́ o! Ní Bridgetown, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Mọ́mì ní ilá rẹ̀ kéré, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó rò ó dá ṣáṣá, kò ní kókó kankan. Wọ́n ra igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rò ó, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omorogùn wọn nílé báyìí.

Bùrọ̀dá Táyé, mo ti fẹ́ gbàgbé: ní Grenada, ó ku wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tá a dé èbúté. Oògùn Mọ́mì wà lọ́rùn mi látàárọ̀.